Kí Ni Àwọn Ará Stoke Ń Pè Ní “Nesh”?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn wa.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìwòsàn tàbí ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Stoke-on-Trent, Derby, Nottingham tàbí Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣeé ṣe kó ti gbọ́ irú gbólóhùn yìí: “Shut that window, duck, I'm nesh.” Ìyá àgbà kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó da aṣọ bo ẹsẹ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n bá òun ti fèrèsé náà. “Duck” kò ṣòro. Bí ìyá kan nílé ṣe ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní “ọmọ mi”, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń fi “duck” pe ẹni tí wọ́n bá ń bá sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. “Nesh” ni a wá sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Ẹni tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ kò ní bá a pàdé nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù pàápàá lè máà mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, bí àlejò bá gbọ́ ọ, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn tí kò kàwé ni, tàbí pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni ìyá náà fẹ́ sọ tí ahọ́n rẹ̀ kò gbé. Èrò yẹn ń dùn wá, torí òdìkejì rẹ̀ gan-an ló jẹ́ òtítọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn sọ dàgbà ju “tender” lọ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó dàgbà ju “delicate” lọ, òun ló sì wà lórí àga tí “soft” jókòó lé lónìí kí “soft” tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn ní lẹ́tà-lẹ́tà kí ẹ lè fojú ara yín rí i.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú. “Nesh” jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Ẹni tí òtútù máa ń tètè mú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ kò gba òtútù, tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ yẹ́ẹ́ tí yóò ti máa wá swẹ́tà. Ẹ fetí sí “máa ń” tó wà nínú ìtumọ̀ yẹn, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwa mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín “òtútù ń mú mi” àti “òtútù máa ń tètè mú mi”. Èkíní ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, èkejì ń sọ bí wọ́n ṣe dá ara ẹni. “I'm cold” ni èkíní, “I'm nesh” ni èkejì. Ẹni tó jẹ́ nesh lè jókòó sínú oòrùn oṣù Keje kó ṣì jẹ́ nesh, bí ẹni tó ga kò ṣe yé ga nítorí pé ó dùbúlẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì àjùmọ̀lò, èyí tí wọ́n ń kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́, kò ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe ẹyọ kan ṣoṣo fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Odindi gbólóhùn ni wọ́n fi ń sọ ọ́, bíi tiwa náà. Àwọn Faransé ní tiwọn, “frileux”. Ní agbègbè Stoke títí dé Sheffield, “nesh” ni, sílébù kan péré.

Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ tó múlé gbè é, tí àlejò sì máa ń kó pọ̀ mọ́ ọn. “Nithered” ni wọ́n ń sọ ní Yorkshire bí òtútù bá ti wọ ẹni léegun ní wákàtí tí à ń sọ yìí, èyí kò sì kan bí ara ẹni ṣe máa ń rí. “Mardy” ni ti ọmọ tó ń dijú mágbárí, tó ń ṣu ẹnu pọ̀ nítorí pé wọn kò fún un ní ohun tó fẹ́. Inú “marred” ló ti jáde, ìyẹn ohun tó ti bàjẹ́, ọmọ àkẹ́bàjẹ́ sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi í pè. Nesh jẹ mọ́ ara, mardy jẹ mọ́ ìwà. Ọmọ kan lè jẹ́ méjèèjì ní ọjọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Èyí tó léwu jù nínú wọn ni “starved”. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ebi ń pa kú lọ. Àmọ́ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àgbàlagbà kan bá ní “I'm starved”, òtútù ló lè máa sọ. “Clemmed” ni àwọn àgbà Lancashire àti Cheshire máa ń lò fún ebi. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “steorfan” kàn túmọ̀ sí kí èèyàn kú ni, bí “sterben” ṣe túmọ̀ sí ikú títí dòní lẹ́nu àwọn ará Jámánì. Nígbà tó yá, ìtumọ̀ náà ya ọ̀nà méjì: àwọn ará gúúsù mú un lọ sọ́dọ̀ ikú ebi, àwọn ará àríwá mú un lọ sọ́dọ̀ ikú òtútù. Nítorí náà, bí bàbá kan tó ti lé ní 80 ọdún bá sọ fún yín ní Lancashire pé òun ti “starved”, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó gbé búrẹ́dì wá. Hítà ló lè máa wá.

Ta ló ń sọ nesh fún ta? Bí èèyàn bá sọ ọ́ fún ara rẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀, àlàyé lásán ni. Bó bá sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, ó ti ní ẹ̀gún díẹ̀. Ọmọkùnrin tó bá wọ ìbọ̀wọ́ wá sórí pápá bọ́ọ̀lù nínú oṣù Kẹwàá yóò gbọ́ “Don't be so nesh!” látẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé ó ń kẹ́ ara rẹ̀ jù. Ẹ̀fẹ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni. Kò bójú mu kí òṣìṣẹ́ fi pe ẹni tó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, bí ẹni náà tilẹ̀ fi pe ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń pè é, ẹni tó mọ ábídí Yorùbá ti mọ̀ ọ́n. Fáwẹ̀lì rẹ̀ ni ẹ tó wà nínú “ẹsẹ̀”, kọ́ńsónáǹtì tó parí rẹ̀ sì ni ṣ tó wà nínú “iṣẹ́”. Bó bá jẹ́ àwa la ni í, “nẹ́ṣ” la ó kọ. Ìparí rẹ̀ ni a ti máa ń ṣi í pè: Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, ahọ́n wa sì máa ń fẹ́ fi ì sí i lẹ́yìn kó lè di “nẹ́ṣì”. Ẹ gé e níbi ṣ. Bí ẹ bá gbọ́ “nash” lẹ́nu àwọn mìíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni, fáwẹ̀lì ló yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ó ń gba ohun tí àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe mìíràn ń gbà: “a bit nesh”, “very nesh”, “nesher”. “Neshness” náà wà fún ìwà jíjẹ́ nesh, ó sì ti wà láti ayé àtijọ́, “hnescnes”.

Ibo gan-an ni ilé rẹ̀? Staffordshire, Derbyshire, Nottinghamshire, Cheshire, Lancashire, gúúsù Yorkshire, Shropshire títí dé ẹnu ààlà Wales. Ẹ má ṣe rò pé ògiri kan wà tí ọ̀rọ̀ náà kò lè fò kọjá. Ààlà ọ̀rọ̀ dà bí ibi tí odò ti ń wọ òkun: iyọ̀ ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ibi tí omi dídùn parí sí.

Kò sí ẹni tí ìmọ̀ yìí jẹ ní gbèsè tó Joseph Wright. Wọ́n bí i ní 1855 nítòsí Bradford, ó ń ṣiṣẹ́ owó láti kékeré, ó wọ ilé iṣẹ́ òwú, ó sì tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15 kó tó mọ ìwé kà. Èdè agbègbè rẹ̀ ni èdè ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin yìí ló padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, òun ló sì ṣe olótùú ìwé atúmọ̀ ẹ̀ka-èdè Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní ìdìpọ̀ 6 láàárín 1898 sí 1905. Nesh wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn agbègbè tí wọ́n ti gbọ́ ọ. A fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ nítorí pé ẹni tí àwọn kan ìbá pè ní aláìmọ̀wé ló mọ̀ pé ìṣúra ni ohun tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn òun.

Lẹ́yìn rẹ̀, Harold Orton àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Leeds rin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já láti 1950 sí 1961, wọ́n dé ibi 313, wọ́n sì mú ìbéèrè tó lé ní 1,300 dání. Àwọn àgbàlagbà abúlé tí kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò nílé ni wọ́n ń wá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà béèrè ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kọ́. Wọn kì í sọ pé “Ṣé ẹ máa ń sọ báyìí?” Bí ẹ bá béèrè báyẹn, èèyàn jẹ́jẹ́ yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni kó má baà jẹ́ kí ojú tì yín, irọ́ ni ẹ ó sì kọ sílẹ̀. Wọn a tọ́ka sí nǹkan náà, tàbí kí wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ kí wọ́n sì dákẹ́: “Kí lẹ máa ń pe ẹni tí…?” Ẹni náà ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ ká máa rìn lọ sẹ́yìn wàyí. Ní 1887, Thomas Hardy tẹ ìtàn àròsọ rẹ̀ The Woodlanders jáde. Ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ inú ìwé náà ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọbìnrin ọ̀gá wọn tí wọ́n fi sí ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń gbé: ó ní bí bàbá rẹ̀ bá fi í síbẹ̀ pẹ́ jù, yóò sọ ọ́ di nesh bí ìyá rẹ̀ ti jẹ́. Nǹkan méjì la rí níbẹ̀. Èkíní, ará Dorset ni Hardy, ní gúúsù, ibi tó jìnnà sí Stoke. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà ti tàn ju ibi tó wà lónìí lọ rí. Èkejì, òtútù nìkan kọ́ ni òṣìṣẹ́ yẹn ń sọ. Ọmọ tí kò ní lè fara da ìyà, tí ọwọ́ rẹ̀ yóò rọ̀ jù fún iṣẹ́ igbó, lohun tó ní lọ́kàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ṣì fẹ̀ nígbà náà.

Bí a bá tún lọ sẹ́yìn ní ọ̀rúndún mélòó kan, ó túbọ̀ ń fẹ̀ sí i. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àárín gbùngbùn, èyí tí wọ́n ń sọ láàárín nǹkan bí 1100 sí 1500, wọ́n kọ ọ́ ní “nesche”, “nesshe” àti “neische”, ohunkóhun tó bá sì rọ̀ ló lè jẹ́ bẹ́ẹ̀: ilẹ̀, ẹran ara, ọkàn èèyàn. Wọ́n ní àkànlò kan tó so ó mọ́ òdìkejì rẹ̀, “for nesche or hard”, ìyẹn ni pé bó rọ̀ bó le, ohun tí mo sọ ni mo sọ.

Lẹ́yìn náà la wá dé ibi tó dùn mọ́ wa jù. Ẹ ṣí Ìhìn Rere Matteu, orí 11, ẹsẹ 8. Jésù ń bi àwọn èèyàn léèrè nípa Jòhánù Onítẹ̀bọmi pé kí ni wọ́n jáde lọ wò ní aginjù, ṣé ọkùnrin tó wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni? Ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kẹwàá, wọ́n túmọ̀ àwọn Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ láti inú èdè Látìn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni “mann hnescum gyrlum gescrydne”, ọkùnrin tí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọ̀. Ẹ wo “hnescum”. Ẹ yọ “-um” kúrò, àfikún ìparí tí gírámà ìgbà náà ń béèrè ni. Ohun tó kù ni “hnesc-”. “Hnesce” ni wọ́n ń pè é bó bá dá dúró. Òun náà ni wọ́n lò ní orí 24, ẹsẹ 32, fún ẹ̀ka igi ọ̀pọ̀tọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ kó tó yọ ewé.

A kò tíì dé ìdí rẹ̀. Àwọn Goth jẹ́ ẹ̀yà kan tí èdè wọn bá Gẹ̀ẹ́sì tan, bí Ígálà ṣe bá Yorùbá tan. Ní ọ̀rúndún kẹrin, bíṣọ́ọ̀bù wọn, Wulfila, túmọ̀ Bíbélì fún wọn láti inú èdè Gíríìkì. Ẹ̀dà rẹ̀ kan tí wọ́n kọ ní ọ̀rúndún kẹfà, pẹ̀lú táǹdà fàdákà àti wúrà lórí awọ aláwọ̀ elésè àlùkò, wà ní ilé ìkówèésí Yunifásítì Uppsala ní ilẹ̀ Sweden títí dòní. Matteu 11:8 wà nínú rẹ̀. Ó kà báyìí: “mannan hnasqjaim wastjom gawasidana”.

Ẹ gbé méjèèjì síra. “Hnescum” nìyí lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, “hnasqjaim” nìyẹn lọ́dọ̀ àwọn Goth. Ẹsẹ Bíbélì kan náà, ipò kan náà nínú gbólóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà. Ó lé ní 600 ọdún tó wà láàárín wọn. Inú Látìn ni ti Gẹ̀ẹ́sì ti wá, inú Gíríìkì ni ti Goth ti wá, nítorí náà wọn kò wo ìwé ara wọn kọ. Ohun kan ṣoṣo ló lè fa irú ìbáramu bẹ́ẹ̀: àwọn méjèèjì jogún ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ baba kan, ṣáájú kí wọ́n tó pínyà. Ìyá àgbà tó ní kí wọ́n bá òun ti fèrèsé ní Stoke ń sọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú Bíbélì Wulfila.

Báwo wá ni “hnesce” ṣe di “nesh”? Àyípadà mẹ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì kan ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ má gba ìtàn ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ kankan gbọ́ bí àyípadà tó ń tọ́ka sí kò bá ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àkọ́kọ́ ni h tó wà níwájú n. Gẹ̀ẹ́sì fi í sílẹ̀ pátápátá: “hnutu” di “nut”, “hnecca” di “neck”. Bẹ́ẹ̀ náà ni h tó wà níwájú l àti r: “hlaf” di “loaf”, “hring” di “ring”. Èkejì ni sc. Bí a ṣe ń fi àmì sábẹ́ s kó lè di ṣ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń fi s àti c pa pọ̀ kọ ohùn yẹn. “Scip” ni “ship”, “fisc” ni “fish”, “disc” ni “dish”. Ohùn náà kò yí padà rárá níhìn-ín, lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ló yí, nígbà tí àwọn akọ̀wé tó kọ́ ìwé lọ́nà ti Faransé gba iṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni e ìparí, tó rọ dànù nínú ọ̀rọ̀ tí kò lóǹkà, bí “sunne” ṣe di “sun” tí “softe” sì di “soft”. Ẹ yọ h, ẹ fi sh rọ́pò sc, ẹ yọ e. Nesh ló kù.

Àwọn òpópónà mẹ́ta kan wà tí wọ́n jọ ọ̀nà tòótọ́, ṣùgbọ́n tí wọn kò já síbì kankan. Ọ̀kan ni orúkọ ìdílé Nash. Àwọn kan á ní baba ńlá àwọn Nash ló jẹ́ nesh. Rárá o. “Atten ash” ni orúkọ náà, ìyẹn ẹni tó ń gbé nídìí igi ash. N tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ iwájú ló fò lẹ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn, bí n ti “ní” ṣe ń lẹ̀ mọ́ “ilé” lẹ́nu wa tó fi ń di “nílé”. Òmíràn ni “nice”. Látìn “nescius”, ẹni tí kò mọ nǹkan, ni “nice” ti wá nípasẹ̀ èdè Faransé, “nesc-” tó wà nínú rẹ̀ sì ti tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n h ló tú àṣírí: “hnesce” àti “hnasqjaim” ní h níwájú, “nescius” kò ní in rí.

Ẹ̀kẹta ló wọ́pọ̀ jù, òun sì ni pé kí wọ́n ka gbogbo ọ̀rọ̀ àríwá sí ti àwọn Viking, àwọn jagunjagun atukọ̀ tó wá láti Denmark àti Norway. Òótọ́ ni pé àwọn Viking tẹ̀dó sí àríwá àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ sílẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tiwọn ní àmì: ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti sọ sh, àwọn a máa sọ sk. “Shirt” àti “skirt”, ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n ní, “shirt” gba ẹnu Gẹ̀ẹ́sì wá, “skirt” gba ẹnu Viking. Bó bá jẹ́ àwọn ló gbé nesh wá, “nesk” ni à bá máa gbọ́ ní Sheffield.

Kí ló dé tí Lọ́ńdọ̀nù fi sọ ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ báyẹn nù? Ìdíje ló pa á. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “softe” kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ mọ́ ohun tí ọwọ́ ń kàn. Ìrọ̀rùn, ìfọ̀kànbalẹ̀ àti ìwà pẹ̀lẹ́ ló ń sọ. Hnesce ni ti aṣọ, ti igi tútù, ti ẹran ara. Láti nǹkan bí 1200 ni “soft” ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ oko aládùúgbò rẹ̀. Àwọn Norman ti gba ilẹ̀ náà ní 1066, Faransé sì ni wọ́n ń sọ láàfin. “Tender” bá wọn wọlé, ó gba ẹran ara àti ọkàn. “Delicate” tẹ̀ lé e nígbà tó yá, ó gba àìlera. Nígbà tí William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Westminster ní 1476, Gẹ̀ẹ́sì agbègbè Lọ́ńdọ̀nù ló ráyè wọ inú ìwé jù, ohun tó bá sì wọ inú ìwé ni wọ́n ń kà sí Gẹ̀ẹ́sì gidi.

Lójú tiwa, ìdí tí nesh kò fi kú tán ni pé ilẹ̀ kékeré kan kù tí àwọn tó gba oko rẹ̀ kò dé. “Soft” kò sọ ẹni tí òtútù máa ń tètè mú, “tender” kò sọ ọ́, “delicate” sún mọ́ ọn ṣùgbọ́n kò kàn án. Ibẹ̀ ni nesh sá sí. Èyí ló fà á tí ìtumọ̀ rẹ̀ fi kéré lónìí ju ti ayé Hardy lọ, tó sì fi le dáadáa nínú ìwọ̀nba tó kù.

Àwa Yorùbá kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé a kò mọ irú èyí. Ará Èkìtì àti ará Ìjẹ̀ṣà ń sọ “ulé” fún ilé àti “ugi” fún igi, àwọn kan sì ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ẹ̀kọ́ pé wọn kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ bi ìbátan tó ti bá wa pínyà tipẹ́. Ará Ígálà ń pe ilé ní “unyi”. U ló fi bẹ̀rẹ̀. Bí Goth ṣe jẹ́rìí fún Stoke, bẹ́ẹ̀ ni Ígálà ń jẹ́rìí fún Èkìtì: u ló ti wà níbẹ̀ látilẹ̀, Yorùbá àjùmọ̀lò ló sọ u náà di “i”. Ọmọ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni ó di ohun àgbà mú.

Ó ku ohun kan tí a fẹ́ sọ fún àwọn èèyàn wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kíà ní agbègbè yẹn, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí lè wúlò fún ìlera. Bí ẹnì kan bá ní òun jẹ́ nesh, ẹ béèrè pé láti ìgbà wo. “I've always been nesh” ń sọ bí wọ́n ṣe dá a. “I've gone nesh” ń sọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ìyẹn. Ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òtútù lè jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ kò tó, pé ẹṣẹ́ thyroid tó wà lọ́rùn kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, tàbí pé ẹni náà ti rù. Àwọn oògùn kan, irú bíi beta blocker tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, máa ń mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tutù. Dókítà ni yóò mọ èyí tó jẹ́, àmọ́ ẹni tó gbọ́ “gone” ni yóò sọ fún un.

Ẹ má sì fi nesh ṣe ẹ̀rín kọjá lọ lọ́dọ̀ arúgbó. Ìmọ̀ràn NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ibẹ̀, ni pé kí yàrá ẹni tó ti lé ní 65 má tutù ju ìwọ̀n 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ. Bí ooru ara èèyàn bá lọ sílẹ̀ ju 35 lọ, ewu ńlá ti dé nìyẹn. Àwọn àgbàlagbà kan wà tí wọn yóò fi ọ̀rọ̀ náà bo ara wọn láṣìírí, wọn a ní “I'm just nesh, me”, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé owó iná ni wọn kò rí san tí wọ́n fi pa hítà. Ẹ fọwọ́ kan hítà náà. Ẹ wo òṣùwọ̀n tó wà lára ògiri.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́ sínú fáìlì, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde gan-an sínú àmì àyọlò, kí ẹ sì fi ìtumọ̀ rẹ̀ tì í fún ẹni tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, tó lè jẹ́ pé Lagos tàbí Lọ́ńdọ̀nù ló ti wá: Says she has “gone nesh”, feels the cold easily. Bó bá sọ fún yín pé láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni, ẹ kọ oṣù mẹ́ta náà sí i.